Onílé tó ti ilẹ̀kùn mọ́ opó

Ohùn ọkùnrin náà ṣì ń bí mi nínú títí dòní. Onílé kan ni, ní àdúgbò Akron, ní Àjàṣẹ́ wa níbí. Nígbà kòrónà, ńṣe ló máa ń fa ìbòmú rẹ̀ sísàlẹ̀ àgbọ̀n kó tó jágbe mọ́ni: “Ìjọba ti sọ̀rọ̀!” Ìjọba ọ̀hún ní ká jìnnà síra, kò ní ká kọ ara wa.

Obìnrin kan tó ń gbé ilé rẹ̀ di opó. Lọ́dọ̀ tiwa, opó kì í dá jókòó. Àwọn obìnrin ní í bá a jókòó ṣọ̀fọ̀. Onílé ti ilẹ̀kùn ìta mọ́ wọn. Nígbà tó yá, opó ò jẹun mọ́, kò sì dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ọkùnrin yìí wá ń rẹ́rìn-ín: “Orí ẹ̀ ti dàrú. Ẹ wá gbé e lọ.”

Ni ìyàwó mi bá kó àwọn obìnrin jọ. Wọ́n gbé àpótí ìjókòó sẹ́yìn ògiri ilé náà, wọ́n jìnnà síra, wọ́n ń kí i lóhùn òkè lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ìyàwó wa, a ò lọ o! Ṣé o ti jẹun?”

Onílé jáde. “Ẹ̀yin aláriwo, ẹ kúrò lẹ́yìn ilé mi!”

Ohùn tá a ti ń retí ló dáhùn látinú ilé: “Alàájì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni wọ́n ń kí.”