Àtẹ̀gùn Ọkọ̀ Òkun

Títí dòní, bí mo bá wọ ilé tí n kò mọ̀, mo máa ń ka àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ló kó o ràn mí. Kúùkù ọkọ̀ òkun ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá lọ kí ènìyàn nílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n á kọ́kọ́ ka àtẹ̀gùn kí wọ́n tó gba omi mu.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, mo fẹ́ wọ ọkọ̀ òkun lọ bá ọkọ mi nílùú òyìnbó. Bàbá yìí ló ń kọ́ mi.

“Má gba yàrá ìsàlẹ̀. Máa jẹ atalẹ̀, kí èébì má baà gbé ọ. Àmọ́ kó o tó fẹnu kan oúnjẹ, dijú, kó o ka àtẹ̀gùn dé òkè. Iná lè kú.”

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìrìnàjò, wọ́n gbé àpótí mi dé Màrínà, níbi tí ọkọ̀ kékeré ti ń kó èrò sọdá sí Àpápá. Mo ti bọ́ sínú rẹ̀ kí n tó rí i pé orí ilẹ̀ ni wọ́n ṣì dúró sí, tí wọ́n di irin mú.

“Bàbá, ẹ wọlé, ó ti fẹ́ gbéra!”

“Ibi tí mo máa dé nìyí. Àwa méje la wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ wa rì, tí iná kú. Èmi nìkan ni mo ti ka àtẹ̀gùn.”

Ọkọ̀ gbéra.