Káàdì Inú Ike Fíìmù

Ẹnikẹ́ni tó bá fi fọ́tò inú kámẹ́rà ìgbàlódé han bàbá tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ oníkámẹ́rà wa ní Sùúrùlérè, ìbéèrè kan náà ni bàbá máa ń bi í: "Nẹ́gétíìfù ẹ̀ dà?" Tó bá ní kò sí, pé kámẹ́rà ọ̀hún kì í lo fíìmù, bàbá á gbé e sókè, á yọjú wo abẹ́ ẹ̀ bí ẹni tó ń wá ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún un. Á ní, "Ohun tí ìka kan lè pa rẹ́, ẹ̀ ń pè é ní fọ́tò."

Nígbà tó yá, ọmọ ẹ̀ ra irú ẹ̀ fún un. Ó gbà á, àmọ́ kò fọkàn tán an. Tó bá fẹ́ yọ káàdì tí fọ́tò wà nínú ẹ̀, á kẹ́yìn sóòrùn, á fi fìlà bò ó, á sọ ọ́ sínú ike fíìmù dúdú, á sì dé e pa.

Mo ní, "Bàbá, fíìmù ni ìmọ́lẹ̀ ń bà jẹ́. Kò lè ṣe káàdì ní nǹkan kan."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Àwọn tó ṣe é ni, sà."

"Àwọn tó fẹ́ tà á fún ẹ."

Bàbá ti di olóògbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń yọ káàdì tèmi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó lọ́sàn-án gangan. Kí n tó mọ̀, mo ti kẹ́yìn sóòrùn.