Fara-balẹ̀ àti Ohùn Ẹ̀gbọ́n Mi

Fara-balẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń pe ọkọ mi, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn bí ènìyàn bá gbé lápútọ́ọ̀pù wọ ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó ń mí hẹlẹ. "Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ jókòó. Kí ló ṣe é?" Bí ìgbà tí wọ́n gbé aláìsàn wá ló ṣe ń béèrè. Yóò nu ọwọ́, yóò da ẹ̀rọ náà dojú bolẹ̀ sórí aṣọ ìnura, yóò wá fi awò ojú méjì, ọ̀kan lórí èkejì, ka nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wa ni ìyá mi ń gbé. Ó ń lọ aṣọ fún àwọn ará àdúgbò ní apá kejì ṣọ́ọ̀bù náà, aṣọ tí a ta sáàárín nìkan ló pààlà wọn. Ọwọ́ ìyá mi yá, ẹnu rẹ̀ sì yá ju ọwọ́ lọ.

"Àna mi, ṣé ẹ̀rọ yẹn ti bímọ àbí ó ṣì ń rọbí?"

"Màmá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lejò ń gun àgbọn."

"Kí ejò tìrẹ tó dókè, ẹni tó fẹ́ mu omi àgbọn á ti mu ti kànga."

Ọkọ mi á kàn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń ka Bíbélì láràárọ̀ ni inú máa ń tètè bí. Òun tó ń sùn nínú ìwàásù, sùúrù ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Mo ti bi Ọlọ́run léèrè ọ̀rọ̀ yìí rí. Kò tíì dá mi lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá wa, ló ń kéde ní ibùdókọ̀. Òun ló ń sọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ọkọ̀ báyìí fẹ́ ṣí, pé ta ló gbàgbé àpò sórí ìjókòó. Akéde la ń pè é, títí kan ìyá tó bí i. Nígbà tí àìsàn mú un lọ́nà ọ̀fun, àwọn dókítà ní àfi kí àwọn gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò. A gbààwẹ̀. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi le bí awọ bàtà. Wọ́n gé e náà ni. Ó yè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan, pé kí ni ààwẹ̀ wa wá ṣe, ń kùn nínú mi láti ìgbà yẹn bí ẹ̀fọn létí, n kò sì sọ ọ́ fún pásítọ̀, áḿbọ̀sìbọ́sí ìyá mi.

Ọkọ mi kò bá wa gba ààwẹ̀ náà parí. Ohun tí òun ṣe ni pé, kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi, ó ní kó máa sọ̀rọ̀, ó sì ń gbà á sílẹ̀. Ó wá ṣètò rẹ̀ sínú lápútọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi, tó fi jẹ́ pé ohunkóhun tí Akéde bá tẹ̀, ohùn ara rẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ náà á fi sọ ọ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn ni ètò náà mọ̀. Bí o bá gbé e lọ sórí òmíràn, odi ni. Bí lápútọ́ọ̀pù ṣe di ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Àwàdà rẹ̀ máa ń pẹ́ dé. A ti lè kúrò lórí ọ̀rọ̀ kan kí èébú tó yẹ kó bú wa lórí rẹ̀ tó jáde. Àmín nìkan ni kì í tẹ̀. Ó máa ń fi ọwọ́ lu tábìlì fún un ni.

Ẹ̀rọ náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn lẹ́nu ọ̀rọ̀. Á ní, "Mo ti ní kí ẹ má," á sì dákẹ́ lójijì, ojú rẹ̀ á ṣú. Bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀gá ibùdókọ̀ ti gbà kí Akéde padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú ẹ̀rọ yẹn. Akéde tó ń sùn lẹ́nu ìkéde, ta ni yóò gbà á?

Ọkọ mi wádìí, ó rí i pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà mọ àrùn yẹn, wọ́n sì ti gbé oògùn rẹ̀ jáde. Ó ní báyọ́ọ̀sì rẹ̀ la máa sọ dọ̀tun.

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" ìyá mi béèrè.

"Màmá, òun ló ń jí ẹ̀rọ. Kí ẹ̀rọ tó mọ̀ pé òun lójú, òun lẹ́nu, báyọ́ọ̀sì ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un."

"Bí iṣẹ́ náà bá wá já lágbedeméjì ńkọ́?"

"Ó lè má jí mọ́." Kò fi oyin sí i.

Akéde tẹ ọ̀rọ̀, a dúró. "Ẹ ṣe é," ni ohùn rẹ̀ wí. "Ẹnu tó ń sùn..." Ẹ̀rọ sì kú.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé la ṣe é. Ọkọ mi fi nọ́ńbà abẹ́ ẹ̀rọ náà wé èyí tó wà lórí ìkànnì àwọn tó ṣe é, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó ní èyí tó jọ ọ́ kì í ṣe òun, pé ẹ̀rọ kì í bi oògùn olóògùn jáde, gbígbé ló máa gbé e mì, á sì pa á. Ó da gbogbo ohùn tó gbà sílẹ̀ sí ibòmíràn. Ó fi iná sí bátìrì títí ó fi kún, ó sì tún fi ṣájà sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Ṣebí ó ti kún?" ni mo wí.

"Bí ọ̀kan bá já mi kulẹ̀, èkejì á dìde."

Ó wá ya aṣọ pélébé, ó fi so okùn ṣájà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni má baà fà á yọ. "Ó yá, kálukú gbé ọwọ́ lé itan. Ojú ẹ̀rọ á ṣókùnkùn. Á dà bíi pé ó kú. Ẹ jẹ́ kó kú."

Ó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ojú ẹ̀rọ ṣú lóòótọ́, fáànù inú rẹ̀ sì ń hu.

"Yéè, áyọ́ọ̀nù mi!" Ìyá mi ti rántí pé áyọ́ọ̀nù òun ṣì wà nínú iná, ó sì lè mú iná ilé já. Kí a tó wí, ó ti na ọwọ́ sílẹ̀, ó ti fa wáyà yọ lára ògiri. Ara rẹ̀ balẹ̀. "Ẹ dijú, ká gbàdúrà."

A dijú. Ọkọ mi nìkan ló kọjú mọ́ ẹ̀rọ náà. Àdúrà ò tíì jìnnà tí Akéde fi lu tábìlì, gbà!

"Àmín ti dún!" ni ìyá mi wí, ó gbé ohùn sókè.

Gbà! Gbà!

"Ẹ̀mí ti bà lé ọmọ mi! Baba, gbọ́ o!"

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lù ú. Mo lajú. Ìka rẹ̀ ń tọ́ka sílẹ̀. Iná pupa ara áyọ́ọ̀nù ṣì ń tàn, ṣájà ẹ̀rọ ló wà nílẹ̀ gbalaja.

Ìyá mi figbe ta, ó fò mọ́ wáyà náà. Ọkọ mi di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, jẹ́ẹ́jẹ́. "Màmá, ẹ fara balẹ̀."

"Jẹ́ kí n dá a padà!"

"Bí ẹ bá fà á, ẹ̀rọ á bá a lọ. Bátìrì ló gbé e báyìí. Ẹ jẹ́ kó gbé e."

Ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n mo rí òógùn lórí imú rẹ̀. Mo fẹ́ gbàdúrà. Ọwọ́ rẹ̀ lára ìyá mi ni mò ń wò ṣáá.

Ojú ẹ̀rọ là. Ó tún ṣú. Ìyá mi mí kanlẹ̀. Ó tún là, kò sì ṣú mọ́. Akéde fa ẹ̀rọ náà mọ́ra, ó tẹ ọ̀rọ̀. A dúró.

"Màmá," ni ohùn rẹ̀ wí, "àmín kọ́ ni mò ń ṣe. Mò ń pariwo ni."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí aṣọ oníbàárà. "Ọlọ́run ló ṣe é!"

"Bátìrì náà gbìyànjú, Màmá."

"Ta ló dá bátìrì?"

"Kì í ṣáà ṣe ẹni tó yọ ṣájà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ bátìrì náà nínú ọkàn mi, kí Ó foríjì mí.

Lọ́jọ́ Ajé, gbogbo wa lọ jókòó sí ibùdókọ̀. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde lókè orí wa, ó pe ọkọ̀ kan, ó pe òmíràn, kò sùn. Àwọn èrò kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ẹ̀fọn yẹn ṣì wà létí mi, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ láàárọ̀ yẹn. Mo yíjú sí ọkọ mi kí n sọ̀rọ̀. Ó ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o," ni ohùn náà wí. "Ẹni tó gbàgbé ọkùnrin kan tó ń sùn sórí ìjókòó ẹ̀bá ilẹ̀kùn, kó yọjú."

Mo na ọwọ́ sókè. "Tèmi ni."