Òjò Oṣù Kẹfà Nínú Ìwé Mi

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń wọn òjò lẹ́yìn ilé wa ní Bolingbrook. Ike gbọọrọ kan tó ní ìlà mìlímítà lára ni mo fi há òpó ọgbà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí ilẹ̀, kí omi má baà ta sí i láti ìsàlẹ̀. Ní aago méje àárọ̀, mà á kà á, mà á kọ ọ́ sínú ìwé, mà á da omi inú rẹ̀ nù. Ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìmọ̀ ojú ọjọ́, èmi ni mo wá a fúnra mi. Ní mọ́ṣáláṣí wa, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ̀ bóyá yìnyín á bọ́ lọ́la, èmi ni wọ́n ń bi.

Àfi ìgbà tí ọmọkùnrin kan dé.

Ìhín ni wọ́n bí i sí, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì gboyè lórí òfin àyípadà ojú ọjọ́. Yorùbá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ojú títì. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ kò ju kó fi ìka kan ilẹ̀ lọ, síbẹ̀ àwọn ìyá á máa pariwo pé, "Ọmọ dáadáa! Ẹ wo bó ṣe ń kíni!" Èmi tí mò ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ọjọ́ yìí, ta ló pariwo fún mi rí?

Ní oṣù keje, a gbọ́ pé aṣòfin tó ń ṣojú wa ní Washington ń bọ̀ wá sí ilé ìkàwé, láti gbọ́ èrò aráàlú: ṣé kí ìjọba yọwọ́ nínú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ojú ọjọ́, ṣé kí ó sì dá ìrànwọ́ fún àwọn tó ń ra sólà dúró? Ẹnì kan ni yóò sọ̀rọ̀ lórúkọ mọ́ṣáláṣí wa. Ó ń wù mí bí omi ṣe ń wu aláàwẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àìlà, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀.

"Amẹ́ríkà ló fi èéfín kún ayé," alága wa wí. "Òun ni kó kọ́kọ́ tún un ṣe."

"Ṣáínà ń jó èédú, èmi ni kí n wá máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́!" Awakọ̀ takisí kan ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Mo dìde, mo gbé ìwé mi sókè. "Òjò oṣù kẹfà yìí kò tó ìdajì ti èṣí. Ọ̀dá ti kan ilẹ̀kùn. Kí ìjọba má yọwọ́ o!"

Ọmọkùnrin yẹn rọra dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ní pápákọ̀ òfurufú, níbi tí ìjọba ti ń wọn òjò, wọ́n ní òjò pọ̀ gan-an ní June o."

"Ṣé pápákọ̀ òfurufú ni mò ń gbé? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn òjò, háísíkúùlù lo wà!"

Ẹ̀rín sọ. Ó tẹríba. Èmi ni wọ́n yàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kírun àsùbáà tán, mo yọjú lójú fèrèsé ilé ìdáná. Ìyá mi, tó ti Ìwó dé ní oṣù karùn-ún, dúró sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú bútà àlùwàlá rẹ̀. Ó yọ ike mi, ó da òjò inú rẹ̀ sídìí ata tó gbìn.

"Màámi! Kí lẹ ń ṣe yẹn?"

"Omi tó bá dúró ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ojoojúmọ́ ni mò ń bá ọ dà á nù, o ò tiẹ̀ dúpẹ́!"

Mo ṣí ìwé sí oṣù kẹfà. Òdo, òdo, òdo, àfi ọjọ́ mélòó kan. Láwọn àárọ̀ tí mo bá ilẹ̀ tó tutù, èmi fúnra mi ni mo kọ "ìrì" sí ẹ̀gbẹ́ òdo.

Ọjọ́ méjì ni mo fi pa á mọ́ra. Bí mo bá sọ ọ́, ọmọ yẹn ló jàre. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́jọ tó péye wà nínú ìwé yẹn, n kò lè gbé irọ́ lé e lórí. Mo pe alága, mo ṣàlàyé. Ọkàn mi ń sọ pé á ní kí n máa lọ bẹ́ẹ̀.

"Háà, ó ti dáa," ó ní. "Kí ọmọ yẹn lọ, jàre." Kò tiẹ̀ ronú.

Ọmọ náà yá ìwé mi. Ní ilé ìkàwé, ó gbé e sókè bí mo ṣe gbé e. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kan ló fi ọdún mẹ́jọ kọ ọ́, kò sẹ́lòmíì tó ní irú rẹ̀ ládùúgbò. Aṣòfin bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ya fọ́tò ojú ìwé mi. Ìlà kẹrin ni èmi àti ìyá mi jókòó sí.

Ìyá mi fi ìgúnpá gún mi. "Ọmọ yìí mà gbọ́n o. Ọmọ ta ni?"

Mo ní n kò mọ̀.