Iṣẹ́ Abẹ Ológbò Màmá Mi

Òórùn kòkó tútù tí wọ́n sá sí iwájú ilé ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé mi tí mo bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ìgèdè. Ó máa ń kan díẹ̀, bí ẹmu àná, kò sì sí bí mo ṣe lè fọ aṣọ mi tó tí kì í bá mi padà sí Adó. Ẹ̀yìn ilé ni yàrá tí màmá mi ń kó àgbàdo àti èlùbọ́ tí wọ́n ń tà sí wà, ibẹ̀ sì ni àwọn ológbò wọn ń gbé: ìyá àgbà kan tí irun rẹ̀ dà bí eérú, àti ọmọ rẹ̀ méjì, akọ kan, abo kan. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, àwọn mẹ́ta yẹn nìkan ni wọ́n ń bá màmá mi gbé. Olórí ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá mi, wọn kì í ṣe ẹni tí ń bá ẹran ṣeré. Síbẹ̀, mo ti bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ ìwàásù ọjọ́ ìsinmi fún abo kékeré yẹn, bí ẹni pé ó yẹ kí ó ti wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Akọ ni àìsàn kọ́kọ́ mú. Alárìnká ni, ó máa ń jà káàkiri àdúgbò, á sì fi etí yíya bọ̀ wálé. Lọ́dún yẹn, nígbà tí òjò ń dáwọ́ dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ ní Adó, obìnrin kan tí kò jù mí lọ. Ó la ẹnu ológbò náà, ó ní kí n wò ó. Èrìgì rẹ̀ funfun bí inú àgbọn. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó kán an sórí nǹkan pẹlẹbẹ kan tó jọ èyí tí àwọn obìnrin fi ń yẹ oyún wò, ìlà méjì sì yọ. Ó ní lùkímíà ológbò ni. Ó ṣàlàyé pé kòkòrò kan ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti mùdùnmúdùn eegun, pé itọ́ àti ehín ló ń gbé e láti ara ológbò kan dé òmíràn. Kì í ran ènìyàn. Kò sì sí oògùn tó lè lé e jáde. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí akọ náà fi kú sábẹ́ àpótí ìjókòó ní ilé ìdáná.

Dókítà ní kí n kó àwọn abo méjèèjì wá fún àyẹ̀wò. Màmá mi bá mi lọ lọ́jọ́ yẹn. Ara ìyá àgbà mọ́. Ti ọmọ rẹ̀, èyí tí irun rẹ̀ ń dán, tó ń jẹun dáadáa, ìlà méjì ni. Dókítà ò fi bò fún wa. Ó ní ìyá àgbà máa gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ẹ̀mejì, kó sì kúrò nínú ilé tí èkejì wà.

"Èyí ńkọ́?" ni mo bi í.

"Abẹ́rẹ́ yẹn ò lè ṣe é láǹfààní mọ́, àrùn náà ti wà lára ẹ̀. Ohun tó kù ni kí á yọ ilé ọmọ ẹ̀ nísinsìnyí tí ara ẹ̀ ṣì le, kó má máa sáré tẹ̀lé akọ kiri. Ọmọ tó bá bí, àfàìmọ̀ kí wọ́n má kó o láti inú."

Ó ti ìwé kan síwájú màmá mi pé kí wọ́n fọwọ́ sí i.

"Ulé ọmọ rẹ̀?" ni màmá mi wí. Bí ọ̀rọ̀ bá ká wọn lára, Èkìtì ni ó máa ń gba ẹnu wọn jáde, pẹ̀lú gbogbo ọgbọ̀n ọdún ó lé tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá inú ìwé. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ológbò náà mọ́ àyà, wọ́n jáde sínú oòrùn.

Inú bí mi. Mo rò pé agídí àgbà ni. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Ìgèdè, mo ń tún àlàyé dókítà ṣe bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì títí a fi délé. Orí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni màmá mi ti sọ ìdí rẹ̀, wọn ò wo ojú mi.

"Ọjọ́ tí mo bí ọ, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Nígbà tí mo máa lajú, wọ́n ti yọ tèmi. Bàbá rẹ ló fọwọ́ síwèé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí."

"Mọ́mì, ṣebí ẹ̀mí yín ni wọ́n fi gbà là."

"Mo mọ̀. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí. Mi ò ní fọwọ́ sí i fún ẹlòmíràn."

Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti fi jẹ́ ọmọ wọn nígbà náà. Bí mo bá bèèrè ìdí tí mi ò fi ní àbúrò, "bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ni" ni ìdáhùn, mo sì jẹ́ ọmọ tó máa ń bèèrè lọ́dọọdún, tí Kérésì bá ti ń bọ̀, tí àwọn ọmọ ilé kejì bá wọ aṣọ tó bára mu. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, mo ń ka iye ìgbà tí mo ti bèèrè.

Mo gbé ìyá àgbà lọ sí ilé mi ní Adó. Ó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti fi yìnyín gbé wọn wá. Ọmọ rẹ̀ kù sí Ìgèdè, lórí àdéhùn pé ilẹ̀kùn yàrá àgbàdo yóò máa wà ní títì. Mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn yẹn ò ní wà ní títì. Ta ló fẹ́ máa tì í, nígbà tí àwọn èèyàn ń wọlé wá ra èlùbọ́ láti àárọ̀? Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́.

Ọyẹ́ ò tíì lọ tí inú abo kékeré náà fi yọ. Ọmọ mẹ́rin ni ó bí, ọ̀kan ti kú kó tó jáde. Àwọn tó kù ò lè fa ọmú, ara wọn tutù bí ilẹ̀ àárọ̀. Màmá mi rọ omi gbígbóná sínú ìgò, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n tẹ́ wọn tì í. Wọ́n ń fi òwú kán mílíìkì sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí mo débẹ̀ ní Sátidé, ẹyọ kan ló kù. Àtẹ́lẹwọ́ màmá mi ló kú sí, lójú mi, kí omi tí mo gbé kaná tó hó. Ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpò àgbàdo, ó ti rù, ó ń lá ibi tí ọmọ náà ti kúrò.

"Mọ́mì, ẹ̀bi yín kọ́."

"Mo mọ ibi tí ẹ̀bi mi wà," ni wọ́n wí. Wọ́n fi omi fọ ọwọ́ wọn. "Gbé ìyá wọn ká lọ."

Dókítà ò bú wa, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, pé a ní láti kọ́kọ́ fún un lókun, pé tí a bá tiẹ̀ wá là á, ó lè má jí. A dúró fún oṣù kan. Lọ́jọ́ tí a padà lọ, màmá mi ka ìwé náà láti òkè délẹ̀ bí ẹni tó ń máàkì ìdánwò.

"Ṣé yóò mọ̀ ọ́n lára?"

"Rárá, mà. Yóò sùn."

"Tó bá jí ńkọ́?"

"Á dùn ún, mà. A máa fún un ní oògùn."

Wọ́n fọwọ́ sí i. Ológbò náà jí, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Oṣù méje ni ó tún lò nínú yàrá kan tí a kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ fèrèsé rẹ̀, tí eku ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láìsáré. Ọjọ́ kan tí mo wà ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ni ni ó kú. Màmá mi ti sin ín kí wọ́n tó pè mí.

Àwọn kan tí mo sọ ọ́ fún máa ń ní agídí màmá mi ló pa àwọn ọmọ ológbò yẹn. N kì í bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni méjì ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn wọn. Mo ti rò pé àánú ni mo ṣe màmá mi nígbà tí mo dákẹ́. Ìtìjú ni. Ó tì mí lójú láti tún dárúkọ ilé ọmọ níwájú ẹni tó pàdánù tirẹ̀ nítorí àtibí mi, ẹran tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ló sì jẹ ìyà rẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé ikú ológbò náà, mo lọ sí Ìgèdè. A jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láìjẹ́ pé mo bèèrè, màmá mi dárúkọ kan fún mi, orúkọ tí wọ́n ti ní lọ́kàn láti sọ ọmọ wọn kejì. Wọ́n ní bàbá mi pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà mìíràn tí mo bá dá wà, mo máa ń pè é jẹ́ẹ́, bí ẹni ń pe àbúrò rẹ̀ wá jẹun.