Lórí Àga Ẹlòmíì ní Iléeṣẹ́ Omi

Ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Wilhelmsburg, àdúgbò kan nínú Hamburg, ni mò ń sùn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ní gbogbo àsìkò tí mo fi ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ omi ìlú náà. Berlin ni ilé mi wà, ní Schöneberg, lọ́dọ̀ ọkọ mi àti ọmọbìnrin wa. Tí ọjọ́ Ajé bá ti mọ́, màá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Hamburg; tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, màá padà. Àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀ṣì wa máa ń bi mí pé, "Ṣé kò síṣẹ́ ní Berlin ni?" Iṣẹ́ wà o. Àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí mo kọ́.

Iṣẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́ ni mo kọ́ ní yunifásítì, òun náà ni mo sì ṣe ní Ìbàdàn kí n tó tẹ̀ lé ọkọ mi wá síbí. Ní Berlin, òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mò ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà, mo sì ń kọ́ èdè Jámánì nírọ̀lẹ́. Mo kọ Bewerbung, ìyẹn ìwé ìwáṣẹ́, títí ó fi sú mi. Èsì wọn kò yàtọ̀ síra: wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n á gbàdúrà ire fún mi, ó tán. Nígbà tí iléeṣẹ́ omi kọ̀wé láti Hamburg pé àwọn nílò ẹni tí yóò di ipò obìnrin kan mú títí yóò fi ti ìsinmi ìbímọ dé, ọkọ mi ló kọ́kọ́ ní kí n lọ.

"Ọdún kan kọ́ ni ayé," ló wí. "Irun ọmọ ńkọ́? Màá dì í."

Kò mọ irun dì rárá. Ṣùgbọ́n ó jókòó ti fóònù, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, títí ó fi mọ ọ́n díẹ̀.

Pásítọ̀ wa ló bá mi wá ìyá tí mo bá gbé. Àgbà ni ìyá náà nínú ìjọ Aládùúrà kan níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná ọsíbítù, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti kúrò nílé. Lọ́jọ́ tí mo dé, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káalẹ́, mà." Ó gba báàgì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Bọ́ bàtà, wá jẹun. Tó o bá fẹ́ sunkún ilé, jẹun ná."

Ọ̀gá tí mo bá níbi iṣẹ́ jẹ́ obìnrin gíga kan tí gbogbo irun rẹ̀ ti funfun. Kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dúró dè mí nínú òtútù láìwọ kóòtù. Ó mú mi láti yàrá dé yàrá, ó ń sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹlẹgbẹ́ wa tuntun rèé." Mo ń retí kó fi kún un pé onígbà díẹ̀ ni mí. Kò fi kún un. Orúkọ mi ti wà lára ilẹ̀kùn, wọ́n kọ ọ́ dáadáa pẹ̀lú àmì orí rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe fún mi rí nílẹ̀ Jámánì.

Ohun tó kọ́kọ́ fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀ láàárín wa ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí àwa ṣe ní "o" àti "ẹ", bẹ́ẹ̀ ni èdè Jámánì ní "du" àti "Sie". Ní ọ́fíìsì yẹn, "du" ni tọmọdé tàgbà ń pe ara wọn, ọ̀gá sì ní kí èmi náà máa pe òun bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Obìnrin tó lè bí mi lọ́mọ! Mo wá ń yí gbólóhùn po kí n má baà pè é ní ohunkóhun. Ó ṣàkíyèsí. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń mu kọfí, ó bi mí léèrè ohun tó dé. Mo ṣàlàyé fún un pé níbi tí wọ́n ti bí mi, àgbà kì í ṣe "o".

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ó dáa, ẹ máa pè mí ní Sie. Èmi náà á sì máa pè yín bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Rárá, ẹ̀yin lè pe èmi ní du."

Ó mi orí. "Kò tọ́ kí ọ̀wọ̀ máa lọ sápá kan ṣoṣo."

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyá ní Wilhelmsburg, ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Obìnrin yẹn," ló wí, "ilé ire ló ti jáde."

Iṣẹ́ wa ni láti gba èèyàn síṣẹ́, láti kí ẹni tuntun káàbọ̀, láti tọ́jú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣàìsàn. Oríṣiríṣi èèyàn ni omi ìlú ń béèrè: awakọ̀, àwọn tó ń yẹ omi wò, àwọn tó ń ka mítà, àwọn tó ń wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ tún páìpù ṣe. Ọ̀gá mi mọ púpọ̀ nínú wọn lójú. Tí a bá sì pe èèyàn wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí a kò wá gbà á, ọ̀gá mi kì í kọ̀wé sí onítọ̀hún. Fóònù ló máa ń gbé. Ó ní ẹni tó wọ aṣọ rẹ̀ tó dára, tó wá jókòó níwájú wa, ẹnu èèyàn ló yẹ kó ti gbọ́ ọ. Èmi tí mo ti gba oríṣiríṣi ìwé ìdúpẹ́ rí, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìgbà tí ó kọ́kọ́ ní kí n ṣe irú ìpè bẹ́ẹ̀, mo kọ ohun tí màá sọ sínú ìwé ná. Ọkùnrin tó wà lódìkejì mí kanlẹ̀, ó sì ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ pè."

Ìgbà òtútù ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá ọkùnrin náà mọ̀.

Ọ̀kan lára àwọn tó ń tún páìpù ṣe ni. Ìyàwó rẹ̀ kú lójijì, láti ìgbà náà ni kò ti wá síbi iṣẹ́ mọ́. Ìwé dókítà ń dé, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kò dáhùn tí a bá kọ̀wé sí i. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ẹ̀ka wọn wọlé tọ̀ wá wá, yìnyín ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Páìpù ń bẹ́ kiri ìlú nítorí òtútù.

Ó ní, "Ó ti rẹ àwọn èèyàn mi. Mo nílò ẹni tí yóò wọ kòtò. Tí kò bá ní padà wá, ẹ jẹ́ kí n gba ẹlòmíì."

Ọ̀gá mi bi í pé, "Ṣé o ti fojú kàn án láti ọjọ́ ìsìnkú?"

Ọ̀gá ẹ̀ka náà wo bàtà rẹ̀. Ó ní, "Rárá. N kò mọ ohun tí màá sọ."

Ọ̀gá mi gbé fóònù. Kò sẹ́ni tó gbé e. Ó tún pè lọ́jọ́ kejì, ó tún pè lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, títí ohùn kan fi dáhùn. Ó béèrè bóyá a lè wá kí i nílé. Ọkùnrin náà ní, "Tó bá wù yín." Ni ọ̀gá bá yíjú sí mi, ó ní kí n bá òun lọ.

A wọ U2, ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀, lọ sí Billstedt níbi tó ń gbé. Ọ̀gá mi ra búrẹ́dì gbígbóná nítòsí ibùdókọ̀, a sì gun òkè ọ̀kan nínú àwọn ilé gíga ibẹ̀. Ọkùnrin náà ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ dè wá. Ilé mọ́ tónítóní. Bàtà obìnrin wà lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, wọ́n tò wọ́n bí ẹni pé ẹni tó ni wọ́n fẹ́ jáde láìpẹ́. Ó po kọfí fún wa. Ọ̀gá mi gé búrẹ́dì, ó fi bọ́tà sí i, ó gbé e síwájú rẹ̀ bí ẹni pé ilé ọmọ ìyá rẹ̀ ló wà. Kò dárúkọ iṣẹ́. Ó kàn jókòó.

Èmi kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n la ẹnu, nítorí èmi ni mo kéré jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo àwọn bàtà yẹn, mo sọ pé, "Níbi tí mo ti wá, a ní ìkíni kan fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. A máa ń ní, ẹ kú ìrọ́jú."

Ó gbójú sókè. "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Mo ní, "A mọ̀ pé láti máa fara dà á, iṣẹ́ ni. Nítorí náà, bí a ṣe ń kí àgbẹ̀ tó wà lóko, bẹ́ẹ̀ là ń kí ẹni tó ń fara dà á."

Ó ní kí n tún un wí. Mo tún un wí. Ó gbìyànjú láti pè é, kò bọ́ sí i lẹ́nu, ó tún gbìyànjú. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọ̀gá mi kò sáré rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó dúró kó sun ún tán.

Ìgbà náà ló wá sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ṣubú, inú kòtò ló wà, omi ń tú jáde, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń du páìpù. Fóònù rẹ̀ wà nínú ọkọ̀, nínú àpò jákẹ́ẹ̀tì. Ọsíbítù pè é, wọ́n tún pè é. Ìgbà tó fi máa jáde, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

"Mo ti gbìyànjú láti padà," ló wí. "Mo wọṣọ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo rí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Mo padà sílé. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ta ni yóò gbà pé èmi, tí mo ti ń wọ kòtò láti ìgbà èwe mi, ń bẹ̀rù kòtò?"

Ọ̀gá mi ní, "Èmi gbà á gbọ́." Ó tún sọ pé, "Ẹ má wọ kòtò ná. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí fóònù yóò ti wà níwájú yín lórí tábìlì."

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀rọ agbéniròkè, obìnrin tí gbogbo ọ́fíìsì ń wò bí òpó ilé yìí fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ níbẹ̀. Ẹ ṣeun."

Òfin ilẹ̀ Jámánì gbà kí ẹni tó ti ṣàìsàn pẹ́ padà síṣẹ́ díẹ̀díẹ̀, wákàtí bíi mélòó kan lójúmọ́, títí ara rẹ̀ yóò fi mókun. Ìyá ní Wilhelmsburg ní, "Ìlú yìí tutù lóòótọ́, àmọ́ wọ́n fi àánú sínú òfin wọn." Mo gbà fún un. Síbẹ̀, òfin kì í wọ ọkọ̀ lọ sí Billstedt fúnra rẹ̀. Ọ̀gá mi ló lọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka títí ó fi rí àyè nínú Werkstatt, níbi tí wọ́n ti ń tún àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣí páìpù àti èyí tó ń tì í ṣe.

Inú ọ̀gá ẹ̀ka àwọn tó ń tún páìpù ṣe kò kọ́kọ́ dùn sí i. Ó ní, "Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fẹ́ gbé e sídìí tábìlì?"

Ọ̀gá mi dá a lóhùn pé, "Ẹni tó bá padà sídìí tábìlì ti padà. Èyí tó bá jókòó sílé títí, gbogbo wa la pàdánù rẹ̀."

Ọ̀gá ẹ̀ka náà ń lọ, ó tún yíjú padà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Èmi ni màá lọ gbé e wá."

Ó sì lọ lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn padà, mo wà ní ẹnu géètì nígbà tí mọ́tò ọ̀gá ẹ̀ka wọlé. Àwọn méjèèjì jókòó sínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tí wọ́n jáde, ọ̀gá ẹ̀ka ló gbé báàgì oúnjẹ rẹ̀ dání fún un.

Nígbà tó yá, ìsinmi obìnrin tó ni àga mi parí. Ọ̀gá mi wá àyè míì fún mi nínú iléeṣẹ́ náà, kò rí. Níbẹ̀, ẹni tó ń lọ ló ń fún àwọn tó kù lóúnjẹ, nítorí náà èmi àti ìyá din pọ́fùpọ́fù kún abọ́ ńlá. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ata wà nínú rẹ̀ ló jẹ ẹ́ jù. Ọkùnrin Werkstatt náà wá. Ó jẹ, ó tún bù, ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní òun wọ kòtò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Kòtò náà kò jìn, òun kò sì pẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ka ló dúró lókè, tó di fóònù òun mú.

"Ó ń sọ fún mi ṣáá pé kò tíì dún," ló wí. Ó rẹ́rìn-ín. N kò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Mo padà sí Berlin. Kò pẹ́ tí ọsíbítù kan nítòsí ilé wa fi gbà mí sí ẹ̀ka àbójútó òṣìṣẹ́ wọn, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú àdéhùn tí kò lópin. Mo pe ìyá ní Wilhelmsburg, ó kígbe halelúyà títí fóònù fi ń hó. Mo pe ọ̀gá mi. Ó kí mi kú oríire, ó wá béèrè bóyá yàrá tí wọ́n fún mi ní fèrèsé.

Mo ní ó ní.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ máa ṣí i, kí ẹni tó bá wá jókòó níwájú yín lè rí afẹ́fẹ́ mí."