Bí Màmá Tíṣà Ṣe Sin Àlejò Dé Òkè Mápó

Ọ̀rọ̀ tí dókítà sọ fún Màmá Tíṣà kò ju ẹyọ kan lọ: kí ó máa rìn. Kò ní kí ó sáré, kò ní kí ó gbé irin. Kí ó ṣáà máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láràárọ̀, kí orúnkún má baà gan pátápátá. Akínwùmí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fi tirẹ̀ lé e láti Àbújá: bí òun bá dé fún ọdún Àjíǹde, tí ìyá òun kò sì lè gun òkè Mápó láìjókòó sójú ọ̀nà, ilé ìyá òun ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, n'Ìbàdàn, di títì pa nìyẹn, Àbújá ló kù.

"Ẹ̀rọ kan wà níbí, Màmá, tí èèyàn máa ń rìn lórí rẹ̀ nínú yàrá."

Màmá Tíṣà dúpẹ́. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ní òun ti fi ọdún tó pọ̀ rìn láìdé ibì kankan. Kò yẹ kí wọ́n tún wá fi owó ra irú rẹ̀ fún òun.

Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Deborah Àtọ́kẹ́ Adégòkè. Ó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ọkọ rẹ̀ sì ti sùn nínú Olúwa. Ohun tó kù fún un nínú ilé náà ni àga ọkọ, fọ́tò ara ògiri, àti àárẹ̀ kan tí oorun kò lè wò. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ó ti bí Akínwùmí, ibẹ̀ náà ni ó sì fẹ́ kú sí.

Ó ra bàtà kánfáàsì funfun, ó jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kò tíì rìn jìnnà tí ọ̀kadà kan fi dúró gbì níwájú rẹ̀. Ògoolúwa ni, ẹni tí ó kọ́ ní ìwé nígbà tí imú rẹ̀ ṣì ń ṣàn.

"Ẹ kú àárọ̀, mà! Níbo lẹ ń lọ?"

"Mi ò lọ síbì kan. Mo kàn ń rìn ni."

Ojú Ògoolúwa fà ro. Nígboro Ìbàdàn, ẹni tó bá ń rìn láìlọ síbì kan, bí nǹkan kò bá sọ nù lọ́wọ́ rẹ̀, á jẹ́ pé nǹkan ti ń sọ nù lórí rẹ̀.

"Ẹ gùn ún, mà. Ṣé kí ayé bú wa ni? Tíṣà wa á máa fẹsẹ̀ rìn, àwa á máa gun máṣíìnì?"

Ó kọ̀ títí, àtikọ̀ náà wá rẹ̀ ẹ́. Ó gùn ún. Ògoolúwa gbé e yí àdúgbò ká, ó sì gbé e padà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Lọ́jọ́ kejì, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mìíràn ni. Wọ́n pọ̀ nígboro, ọ̀wọ̀ wọn sì ń ba orúnkún rẹ̀ jẹ́ lọ. Nígbà tó yá, ìyàwó pásítọ̀ àdúgbò wá bá a gbàdúrà. Ó ní àwọn gbọ́ pé ó ti ń rìn kiri. Màmá Tíṣà ti bàtà náà bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti ń fojú wá àpótí tí yóò kó aṣọ sí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Hilda, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ẹgbẹ́ akọrin, wá kí i láti Ìdí Àrẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó ń lọ, Màmá Tíṣà dìde láti sìn ín, nítorí ọmọ ilé ire kì í jókòó sórí àga kí àlejò máa dá lọ. Ẹnu ọ̀nà ló ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán lẹ́nu wọn, wọ́n sì dé ìyànà. Ògoolúwa yọ lórí ọ̀kadà rẹ̀. Màmá Tíṣà yà sẹ́yìn Hilda.

"Ẹ kú ìrìn, mà! Ṣé àlejò lẹ ń sìn?"

"Àlejò ni mò ń sìn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, mà." Ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Màmá Tíṣà wo ẹ̀yìn rẹ̀ títí. Ẹni tó ń sin àlejò ní ibi tó ń lọ; ta ni yóò já a gbà lójú ọ̀nà? Ó sin Hilda délé. Hilda náà ní kò tọ́ kí ọ̀rẹ́ òun dá padà, ó tún sìn ín dé ìdajì ọ̀nà.

"Hilda, bí a bá ń ṣe é báyìí, ilẹ̀ á ṣú bá wa."

"Ta ló ń dúró de ọbẹ̀ wa nílé? Rìn, jàre, arúgbó!"

"Ta ni arúgbó? Ìwọ tí o gba ìgbàmọ́ra ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú mi!"

Láti ọjọ́ náà, àlejò di ojoojúmọ́. Nígbà mìíràn wọ́n á bú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà mìíràn, sálúbàtà nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀. Orúnkún kò yéé dun Màmá Tíṣà. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ sí wo aago kí Hilda tó dé, ohun tí kò ṣe mọ́ látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ìdí Àrẹ̀rẹ̀ kì í ṣe òkè Mápó, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Akínwùmí dé lọ́dún Àjíǹde, ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn Mápó ló gbé mọ́tò sí, torí pé ọ̀nà àdúgbò kò gba mọ́tò ńlá. Ó jẹun tán, ó wo ìyá rẹ̀ bó ṣe ń fi ọwọ́ ti tábìlì kó tó lè dìde.

"Màmá, ó ti rẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ ká gbàgbé òkè gígùn. Mò ń lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì báyìí. Lọ́la, ẹ di ẹrù."

Màmá Tíṣà dìde. Ó wọ sálúbàtà rẹ̀.

"Màmá, ẹ jókòó."

"Àlejò ni ọ́. Mò ń sìn ọ́ síta."

Wọ́n ń jiyàn lọ. Akínwùmí ń ka iná àti omi Àbújá. Màmá Tíṣà ń ka ibojì ọkọ rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ka Hilda. Ògoolúwa kọjá, ó ní, "Ẹ kú àlejò, mà!" Wọ́n la Ọjà'ba kọjá, ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́ sókè, ó di apá ọmọ mú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ìgbà tí Akínwùmí kiwọ́ bọ àpò láti mú kọ́kọ́rọ́ ni ó tó wòkè. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀ wọn.

"Màmá. Òkè Mápó nìyí."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀? Mo ti mọ̀ láti Ọjà'ba. Mi ò fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ rẹ ni."

Ó ṣílẹ̀kùn mọ́tò. "Ẹ wọlé, kí n gbé yín padà."

"Ṣé ìwọ náà ti di ọlọ́kadà ni?"

Akínwùmí tilẹ̀kùn mọ́tò padà. Ó ní òun á sin ìyá òun díẹ̀. Díẹ̀ náà dé Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Màmá Tíṣà wó sínú àga ọkọ rẹ̀.

"Ó rẹ̀ mí, Akínwùmí. Ó rẹ̀ mí wọ egungun."

Akínwùmí kúnlẹ̀, ó bọ́ sálúbàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò dárúkọ Àbújá mọ́. Nígbà tí ó dìde láti máa lọ, ó rí i tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ti apá àga.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó! Ẹ má tún sìn mí o."